Sísọ Fáìlì Ìwé Yorùbá di Àwòrán Lórí Kọ̀ǹpútà: Ìlànà fún Olùkọ́ Èdè ní Agbègbè Afijió

Ìfáàrà

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà tí olùkọ́ èdè Yorùbá ní Fìdítì tàbí Ìlọrà fi kọ ìbéèrè ìdánwò ni yóò ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Yóò kọ ọ́ nílé, yóò sì gbé fáìlì náà lọ bá atẹ̀wé, bóyá ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn. Ìrìn àjò kékeré yìí ló ń ba àkọtọ́ jẹ́. Kí a mú un pé ìbéèrè kan ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Bí ààmì ohùn bá jábọ́ lọ́nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ààmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ló bá yọ dànù, ọ̀kan nínú wọn yóò di ohun tí olùkọ́ kò ní fẹ́ kà sókè nínú kíláàsì.

Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2005, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́ńtì Yorùbá máa ń fi lẹ́tà wa sí ààyè ààmì mìíràn. Kọ̀ǹpútà tí kò bá ní fọ́ńtì náà yóò gbé ààmì àjèjì jáde. Unicode, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1991, wá tún nǹkan ṣe: ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà tiwọn báyìí. Síbẹ̀, é ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, ẹ́ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń mú ẹ, tí yóò sì gbé ààmì ohùn lé e lórí; fọ́ńtì ló sì ń pinnu bóyá ààmì náà yóò jókòó dáadáa. Bí fáìlì bá rìn tí fọ́ńtì kò bá a rìn, kọ̀ǹpútà kejì yóò fi fọ́ńtì mìíràn dípò, ààmì yóò sì yẹ̀ gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Àwòrán kò nílò fọ́ńtì. Bí ojú-ewé ṣe rí nígbà tí a yà á ni yóò ṣe rí níbi gbogbo. Òótọ́ ni pé PDF náà lè gbé fọ́ńtì rẹ̀ dání, ó sì tó fún ìtẹ̀wé lásán. Ṣùgbọ́n bí atẹ̀wé bá ṣí PDF nínú Word láti fún ìlà pọ̀ kí bébà má baà pọ̀ jù, a tún padà sí ẹsẹ̀ àárọ̀ nìyẹn.

Ṣíṣe é lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà ní sáà mẹ́ta yóò ní fáìlì ìbéèrè 18 lọ́dún kan, láìka iye ojú-ewé. Kò bójú mu láti máa sọ wọ́n di àwòrán níkọ̀ọ̀kan. LibreOffice, ètò ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, lè gba àṣẹ láìṣí ojú rẹ̀ rárá. Àmọ́ bí a bá ní kó sọ ìwé di PNG tààrà, ojú-ewé kìíní nìkan ni yóò yà, kò sì ní kéde pé òun fi ìyókù sílẹ̀. Nítorí náà, ó sàn kí a kọ́kọ́ gba PDF kọjá, kí pdftoppm, tó wà lára àwọn irinṣẹ́ Poppler, wá ya ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Lórí Windows, bí a bá ti fi ibi tí ètò méjèèjì wà hàn án, a ó kọ ìlà méjì yìí sínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .bat, a ó sì fi í sínú fódà tí ìbéèrè wà:

for %%f in (*.docx) do soffice --headless --convert-to pdf "%%f"
for %%f in (*.pdf) do pdftoppm -r 300 -png "%%f" "%%~nf"

Kí a ti LibreOffice pa, kí a tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

300 inú àṣẹ kejì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bébà A4 tí a bá yà ní 72 yóò ní àmì tótó 595 ní ìbú àti 842 ní òró. Ní 300, ó di 2480 àti 3508. Ní 72, ààmì abẹ́ ọ lè máa ju tótó kan lọ, ojú kò sì ní í rí i mọ́. Bákan náà ni JPEG: fọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, ó sì máa ń da àbàwọ́n yí lẹ́tà dúdú ká. PNG kì í ju ohunkóhun nù. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò, nítorí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀.

Ààlà ìlànà yìí

Àwòrán kò ṣe é tún kọ, a kò sì lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ètò tó ń ka ìwé sókè fún àwọn tí kò ríran kò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. Ọ̀yọ́, tí kò jìnnà sí Ìlọrà, ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe wà, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè. Atẹ̀wé ló ni àwòrán. Kí olùkọ́ fi fáìlì gidi pamọ́ sí fódà mìíràn, kí ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ní èyí tó ní lẹ́tà nínú.

Orúkọ fáìlì nìkan ni kí a má fi ààmì sí. Irú àṣẹ yìí lè kọsẹ̀ lára ẹ́ àti ọ̀. Yoruba-ss2-saa1 ti tó.