Nígbà tí Òkò Bá Ba Ará Ilé

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó ojú ogun. Láti ìgbà tí ènìyàn ti ń jagun ni ọmọ ogun ti ń ṣèèṣì pa ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àṣìṣe náà nìkan ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, bí kò ṣe ti ohun tí àwọn aláṣẹ ń ṣe nígbà tí òkú bá ti sùn tán. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá ẹ̀mí ènìyàn já mọ́ nǹkan lójú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ní òru ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, ọdún 2002, àwọn ọmọ ogun Kánádà ń fi ìbọn dánra wò ní Tarnak Farm, lẹ́bàá ìlú Kandahar ní ilẹ̀ Afghanistan. Ibẹ̀ ti jẹ́ ibùdó àwọn al-Qaeda rí, ṣùgbọ́n nígbà náà ó ti di pápá ìdánrawò fún àwọn tí ń bá wọn jà. Ọkọ̀ òfurufú ogun méjì ti Amẹ́ríkà, irú èyí tí à ń pè ní F-16, ń padà bọ̀ láti ibi ìṣọ́. Harry Schmidt ń wa ọ̀kan. William Umbach, tí ó jẹ́ aṣáájú wọn lóru náà, ń wa èkejì. Wọ́n rí iná ìbọn nílẹ̀, wọ́n rò pé àwọn ni a ń yìn ín sí. Schmidt tọrọ àyè láti yìnbọn. Àwọn tí ń darí wọn dá a lóhùn lórí rédíò pé kí ó dúró ná, kí ó má yìn. Kò pẹ́ tí ó fi wí pé òun ń gbèjà ara òun, ó sì ju àdó olóró tí ó wọn 227 kílò sílẹ̀. Ọmọ ogun Kánádà mẹ́rin kú, mẹ́jọ sì fara gbọgbẹ́. Àwọn mẹ́rin wọ̀nyí ni ọmọ ogun Kánádà àkọ́kọ́ tí ó kú ní Afghanistan, ọ̀rẹ́ wọn ni ó sì pa wọ́n.

Kí ni àwọn ìjọba méjèèjì ṣe? Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí méjì kalẹ̀. Kánádà gbé tirẹ̀ kalẹ̀, ó fi Ọ̀gágun Maurice Baril, tí ó ti fẹ̀yìn tì, ṣe olórí rẹ̀. Ní ti ìgbìmọ̀ kejì, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Stephen Sargeant, àti ọ̀gágun Kánádà kan, Marc Dumais, ni wọ́n jọ ṣe alága rẹ̀. Ẹ fi ojú sí èyí dáadáa. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú wà níbi tí a ti ń wádìí ikú ọmọ rẹ̀; kò dúró sí ẹnu ọ̀nà kí a wá ròyìn fún un.

Iṣẹ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Wọn a kọ́kọ́ sọ́ ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ba à gbé ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Wọn a ṣa àfọ́kù àdó jọ, àwọn dókítà a sì yẹ òkú àti ọgbẹ́ wò. Wọn a gba téèpù ohùn àti àwòrán inú ọkọ̀ òfurufú, wọn a tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kí wọ́n lè mọ ohun tí a sọ àti ìgbà tí a sọ ọ́. Wọn a pe àwọn ẹlẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti ti ìbọn. Ènìyàn lè gbàgbé, ènìyàn sì lè purọ́, ṣùgbọ́n téèpù kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Téèpù ni ó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé a ti sọ fún Schmidt pé kí ó má yìn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún náà, àbájáde ìwádìí méjèèjì jáde sí gbangba. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun Kánádà kò ṣẹ̀. Wọ́n ní àwọn awakọ̀ náà kò kó ara wọn ní ìjánu, wọn kò sì tẹ̀lé òfin tí ó sọ ìgbà tí ọmọ ogun lè yìnbọn. Síbẹ̀ wọn kò dúró lórí ọwọ́ tí ó ju àdó sílẹ̀ nìkan. Wọ́n wo ẹ̀yìn: wọ́n rí àléébù nínú àkóso ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn awakọ̀ náà ti wá, wọ́n sì rí i pé ìròyìn ìdánrawò náà kò dé etí àwọn tí ó wà lójú ọ̀run. Bí a bá jẹ ènìyàn kan níyà tí a sì fi irú ihò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò já sínú rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé ọ̀tọ̀ ni ìwádìí, ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́. Ìwádìí ń béèrè ohun tí ó fa ọ̀ràn. Ẹjọ́ ń béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ kan awakọ̀ méjèèjì. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí ní ibùdó Barksdale ní Louisiana. Níbẹ̀ ni àwọn lọ́yà ti wí pé àwọn ọ̀gá ni ó fún àwọn awakọ̀ ní oògùn tí kì í jẹ́ kí oorun kun ènìyàn. Wọ́n yọ ẹ̀sùn ìpànìyàn náà kúrò lẹ́yìn èyí. Wọ́n bá Umbach wí, wọ́n sì jẹ́ kí ó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù keje ọdún 2004, Ọ̀gágun Bruce Carlson dá Schmidt lẹ́bi pé kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó bá a wí gidigidi, ó sì ní kí ó san 5,672 dọ́là. Ẹni tí ó sin ọmọ lè wí pé owó yìí kéré. Àwa kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó pa ọmọ rẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n.

Kí ni èyí kàn wá ní Nàìjíríà? Ó kàn wá púpọ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 2017, ọkọ̀ òfurufú ogun wa ju àdó sí àárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno. Àwọn ọmọ ogun òfurufú gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti inú ara wọn. Gbólóhùn díẹ̀ ni ará ìlú gbọ́ nínú ìwádìí náà: pé a kò sàmì sí ibẹ̀ bí ó ti yẹ. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 2023, àdó àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa tún bọ́ sórí àwọn tí ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri, ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ó kéré tán, ènìyàn 85 ni ó kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ológun kéde pé ọmọ ogun méjì yóò lọ jẹ́jọ́. Ará abúlé ni àwọn òkú wọ̀nyí, wọn kì í ṣe ọmọ ogun. Ṣùgbọ́n òkò tí ó bà wọ́n, òkò ará ilé ni.

A kò bú àwọn ọmọ ogun wa. Wọ́n ń fi ẹ̀mí wọn dáàbò bo tiwa, a sì ń kí wọn fún un. Ohun mẹ́ta péré ni a ń béèrè. Èkíní, kí ẹni tí kì í ṣe ológun, tí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ fọkàn tán, jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Èkejì, kí a ka àbájáde rẹ̀ sétí ará ìlú, yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀tá lè fi ṣe wá ní ibi. Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ọdún kan, kí a sọ ohun tí a ti tún ṣe.

Ẹ̀yin olóṣèlú, ẹ má sọ èyí di ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ààrẹ kan wà lórí oyè nígbà ti Rann, òmíràn wà níbẹ̀ nígbà ti Tudun Biri. Ẹ bi àwọn aṣòfin tí ẹ dìbò fún léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa pé kì í ṣe ìtìjú fún alágbára láti wí pé òun ṣìṣe, kí ó sì sọ bí ó ti ṣe é. Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ lónìí ni yóò wa ọkọ̀ òfurufú lọ́la, àwọn náà ni yóò sì jókòó nínú ìgbìmọ̀.