Ohun Tó Gbé Kóró Sẹ́ẹ̀lì Àlùbọ́sà Dúró

Ẹ mú ọ̀kan nínú àlùbọ́sà tí ẹ rà lọ́jà Agége. Ẹ là á sí méjì, ẹ yọ ìpele kan, ẹ ó rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú ìpele náà. Ẹ fi èékánná ká a jẹ́jẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ẹ kán áyódínì sí i, kí ẹ wá gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù ilé-ìwé girama. Sẹ́ẹ̀lì gígùn-gígùn tó tò ti ara wọn lẹ ó rí, ohun róbótó kan tó pọ́n rúsúrúsú á sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Robert Brown, ará Scotland, ló fún un lórúkọ lọ́dún 1831, nígbà tó ń yẹ òdòdó ọ́kíìdì wò: núkílíọ́ọ̀sì, kóró inú sẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni DNA ń gbé.

Ẹ bi mí pé kí ló gbé kóró náà dúró. Ìbéèrè gidi lẹ bi. Awọ méjì ló yí i ká, ṣùgbọ́n ọ̀rá pọ̀ nínú awọ wọ̀nyẹn, awọ ọlọ́ràá kì í sì í le tó láti dá dúró. Purotéènì tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó lọ́ mọ́ ara wọn ló wà lábẹ́ awọ ti inú, tó ń nà án bí ọ̀pá irin ṣe ń na aṣọ agboòrùn.

Ẹran màlúù tí wọ́n ń tà ní Odò Ẹran, l'Oko Ọba wa níbí, ní irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Lamin ni wọ́n ń pè é, àwa èèyàn náà sì ní in. Àmọ́ ewéko ò ní lamin, síbẹ̀ kóró rẹ̀ ò wó. Ní 1997, Masuda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàlàyé purotéènì kan tí wọ́n rí lára kárọ́ọ̀tì, NMCP1, tó wà létí kóró gẹ́lẹ́. Nígbà tó di 2013, wọ́n ti ṣàlàyé ti àlùbọ́sà náà. Orí gbòǹgbò, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín lọ́wọ́, ló ti pọ̀ jù.

Báwo la ṣe mọ̀ pé òun ló ń ṣiṣẹ́ náà? Wọ́n mú un kúrò. Ewéko kékeré kan wà tó ń jẹ́ Arabidopsis, irú purotéènì yìí mẹ́rin ló ní, CRWN1 dé CRWN4. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ba jíìnì àwọn kan nínú wọn jẹ́, ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2007 ni pé kóró tó yẹ kó gùn sún kì, ó di róbótó. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pòórá, ewéko náà ò lè yè. Ohun tó wá wú mi lórí jù ni ti purotéènì KAKU4, tí wọ́n rí ní Japan ní 2014, tó máa ń so mọ́ CRWN1: bó bá pọ̀ jù, awọ kóró á ṣẹ́po, á wọ́. Àpọ̀jù náà ń bà á jẹ́.

Agbára tún ń ti òde wá. Purotéènì SUN àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ la àwọn awọ náà já, wọ́n di kóró mọ́ purotéènì mayosíìnì tó ń fà á kiri inú sẹ́ẹ̀lì. Nínú irun gbòǹgbò, ìfà yìí wà lára ohun tó ń mú kóró gùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ládùúgbò tí iléeṣẹ́ ti pọ̀ láti Ìkẹjà dé Agége. Ó wù mí gidigidi kí wọ́n máa fi kóró sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà yẹ omi kòtò wa wò bóyá májèlé wà nínú rẹ̀, nítorí kò wọ́n, ó sì dájú. Adékúnlé Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn fi yẹ omi tó ń jò láti ààtàn Àbà-Èkù wò. Wọ́n á gbé àlùbọ́sà lé ẹnu kọ́ọ̀pù omi náà kó yọ gbòǹgbò, wọ́n á wá yẹ orí gbòǹgbò náà wò. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, awọ kóró á kọ́kọ́ tú, kúrómósóómù, okùn DNA inú kóró, á pín sọ́tùn-ún sósì, awọ tuntun á yí ìdì kọ̀ọ̀kan ká. Bí májèlé inú omi bá ti ṣẹ́ kúrómósóómù, èérún rẹ̀ lè ṣẹ́kù sẹ́yìn, awọ á sì yí òun náà ká lọ́tọ̀. Kóró kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá yìí ni wọ́n máa ń kà.