A Kì Í Fi Iná Sórí Òrùlé Sùn

Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí a kì í ti í rí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní dróònù. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó ní Ìbàdàn, tàbí tí wọ́n ń ṣe òkú àgbà ní Abẹ́òkúta, yóò máa fò lókè, yóò máa ya àwòrán èrò tí ó pé jọ. Àwọn awọnlẹ̀ ń lò ó. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì ń fi ọwọ́ ara wọn to tiwọn pọ̀. Inú wa dùn sí èyí púpọ̀, nítorí ọmọ tí ó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹrù fún òbí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ikùn ẹ̀rọ yìí tí ó yẹ kí gbogbo ilé tí ó bá wọ̀ mọ̀ dájú. Bátìrì rẹ̀ ni. Lítíọ́mù pọ́límà ni orúkọ rẹ̀. LiPo ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní ìkékúrú. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n agbára tí ó gbé pamọ́ pọ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Bí a bá ṣáájì rẹ̀ bí ó ti tọ́, ìránṣẹ́ rere ni. Bí a bá ṣe é ní ìṣekúṣe, ó lè jó ilé kanlẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti àwọn òbí àti ọ̀gá tí wọ́n wà lábẹ́ wọn.

Ìran bátìrì yìí kò tíì pẹ́ láyé. Stanley Whittingham fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1970 sí 1980. John Goodenough mú un tẹ̀síwájú ní Oxford ní 1980. Akira Yoshino sì sọ ọ́ di ohun tí ó ṣeé lò ní ilẹ̀ Jàpáànù ní 1985. Ó bọ́ sí ọjà ní 1991, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní 2019. Ọmọ ìyá kan náà ni LiPo jẹ́. Àpò rírọ̀ ni a kó tirẹ̀ sí dípò agolo irin.

Síbẹ̀, ọgbọ́n gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí kò tíì mú ewu rẹ̀ kúrò. Ní 3 September 2010, ọkọ̀ òfuurufú akẹ́rù kan ti ilé-iṣẹ́ UPS gbiná lẹ́yìn tí ó gbéra ní Dubai. Bátìrì lítíọ́mù pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀ níbi tí iná náà ti bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ méjèèjì sì kú. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ Samsung kó fóònù Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà pátápátá nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń gbiná. Bí ó bá lè rí báyìí fún àwọn tí ó ní gbogbo irinṣẹ́, ó yẹ kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátìrì rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣọ́ra.

Ohun tí ó sábà ń kó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí wàhálà ni pé ó ń mú àṣà bátìrì tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá bá èyí tí kò mọ̀. Bátìrì mọ́tò, tí a ń bu omi sí, fẹ́ kí ó kún nígbà gbogbo. Bátìrì fóònù ní aṣọ́bodè kékeré nínú ara rẹ̀, tí ń ti ilẹ̀kùn nígbà tí iná bá ti tó. Ṣùgbọ́n LiPo tí a ń tà fún àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn to dróònù pọ̀ kì í sábà ní aṣọ́bodè kankan. Ṣájà àti ẹni tí ó ni ín ni aṣọ́bodè rẹ̀. Kò fẹ́ àkúnjù, kò sì fẹ́ òfìfo. Ìwọ̀n ni ó fẹ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì bá bátìrì yìí mu rẹ́gí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A kọ 3S, 11.1V àti 2200mAh sí i lára. 3S túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ni a so tẹ̀léra wọn nínú rẹ̀. Fóltì 3.7 ni a ń ka sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sí, èyí ni ó fi jẹ́ 11.1. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kún, 4.20 ni, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ń lò ó, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju 3.0 lọ, ọlọ́gbọ́n a sì ti sọ dróònù rẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó dé 3.5. Nítorí náà, 12.6 ni bátìrì ẹlẹ́sẹ̀ẹ̀lì mẹ́ta bá kún.

2200mAh ni ìwọ̀n ohun tí ó lè gbà sínú. Ẹ fi 1000 pín in, ẹ óò rí 2.2. Ámpíà 2.2 nìyẹn ni kí ẹ fi ṣáájì rẹ̀, yóò sì kún ní nǹkan bí wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ 1300mAh, ámpíà 1.3 ni, bí ó bá jẹ́ 5000mAh, ámpíà 5 ni. Àfi bí ẹni tí ó ṣe bátìrì náà bá kọ ọ́ sí i lára pé ó lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe kọjá ìwọ̀n yìí.

Ṣájà tí a ṣe fún LiPo ni kí ẹ lò. Kí ẹ tó jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò lójú rẹ̀: irú bátìrì, iye sẹ́ẹ̀lì, àti iye ámpíà. Bí ẹ bá ṣèèṣì yan NiMH dípò LiPo, ewu dé. Ìdí ni pé bátìrì NiMH a máa fi àmì kan hàn nígbà tí ó bá yó: fóltì rẹ̀ a rẹlẹ̀ díẹ̀. Àmì yìí ni ṣájà ń dúró dè. LiPo kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ṣájà yóò sì máa rọ iná sínú rẹ̀ títí yóò fi wú, tí yóò sì gbiná.

Oríṣi wáyà méjì ni ó wà lára bátìrì náà. Àwọn tí ó nípọn, pupa àti dúdú, ni iná ń gbà kọjá. Àwọn tín-ín-rín mẹ́rin tí a pa orí wọn pọ̀ sínú ike funfun ni ṣájà fi ń wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan a máa so ti àkọ́kọ́, wọn a sì fi ti èkejì sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí ó lè tìdí rẹ̀ yọ. Bí sẹ́ẹ̀lì méjì bá wà ní 4.10, tí ẹ̀kẹta sì wà ní 4.40, bí a bá ro wọ́n pọ̀, 12.6 náà ni yóò jẹ́. Ṣájà yóò rò pé ohun gbogbo dára, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kan ti mu àmupara. Nítorí náà, ẹ so wáyà méjèèjì, kí ẹ sì yan ètò tí a kọ Balance sí ní gbogbo ìgbà.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé kàn wá jù. Gbogbo wa ni a mọ bí iná mànàmáná ti rí ní ilẹ̀ wa. Ó lè lọ ní òwúrọ̀, kí ó má dé títí di aago kan òru. Bí ó bá dé, olúkúlùkù a dìde, a so gbogbo ohun tí ó ní mọ́ ara ògiri, a sì padà lọ sùn. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ gbé ámpíà sókè, kí bátìrì lè tètè kún kí iná tó tún lọ. Fóònù lè fara da ìwà yìí. LiPo kò gbà á. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó so LiPo mọ́ iná, tí ó sì lọ sùn, iná gan-an ni ó fi sórí òrùlé, òun, ìyàwó, ọmọ àti ayálégbé tí ó wà ní yàrá kejì.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ọ̀pọ̀ ṣájà LiPo ni a lè so mọ́ bátìrì mọ́tò olófóltì 12. Ẹni tí ó bá ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀, tí oòrùn tàbí jẹnẹrétọ̀ fi iná kún, kí ó fi ṣáájì LiPo rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe orí àga tìmùtìmù, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀. Kí garawa iyanrìn wà nítòsí. Bátìrì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òfuurufú a máa gbóná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù tán kí ẹ tó ṣáájì rẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí wú tàbí tí ó gbóná lọ́wọ́, ẹ dá ṣájà dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá gbiná, ẹ kó ọmọdé àti àgbà jáde, ẹ má ṣe fa èéfín rẹ̀ símú nítorí májèlé ni, kí ẹ sì pe 112.

Bí ẹ kò bá ní í lò ó fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ ní kíkún, ẹ má sì ṣe tọ́jú rẹ̀ ní òfìfo. Fóltì 3.8 sí 3.85 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ibi ìsinmi rẹ̀. Ètò tí a kọ Storage sí lójú ṣájà ni yóò gbé e débẹ̀. Inú mọ́tò tí ó wà nínú oòrùn kì í ṣe ibi ìpamọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ti wú kò ní oògùn mọ́. Ẹ má ṣe gún un láti tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ má ṣe ṣáájì rẹ̀ mọ́, ẹ má sì ṣe jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Ẹ gbé e sínú iyanrìn níta, títí ẹ óò fi rí àwọn tí ń gba irú rẹ̀.

A bẹ ẹ̀yin ọ̀gá tí ń kọ́ ọmọ níṣẹ́: ẹ kọ́ ọmọ ní bí a ti ń ṣáájì bátìrì kí ẹ tó kọ́ ọ ní bí a ti ń fò. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹni tí ó ta LiPo fún ọmọdé láìsọ ìlò rẹ̀ fún un, ọbẹ ni ó fi lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè ohun tí ó wà lára ògiri lóru. Wákàtí kan péré ni bátìrì yìí ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí kò bá ní wákàtí kan láti fi ṣọ́ ọ, kí ó má ṣe so ó mọ́ iná.