HW Virginis

HW Virginis jẹ́ ìràwọ̀ méjì tí ń yípo ara wọn nínú àgbájọ ìràwọ̀ Virgo, ní nǹkan bí 560 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí Ayé. Ọ̀kan jẹ́ abẹ́-aràrá gbígbóná, èyí ni ìràwọ̀ kékeré tí ń jó hélíọ̀mù ní àárín rẹ̀. Èkejì jẹ́ aràrá pupa, tí kò gbóná tó Òòrùn. Ní ọdún 1986, Menzies àti Marang kéde láti Gúúsù Áfríkà pé àwọn méjèèjì máa ń dí ara wọn lójú wa. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe gbogbo irú wọn lónìí.

Ojú abẹ́-aràrá náà gbóná tó nǹkan bí 28,000 Kelvin, nígbà tí ti Òòrùn kò ju 5,800 lọ. Síbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ìdajì ti Òòrùn. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ìhòòhò. Ìràwọ̀ tó bá gbó a máa wú di òmìrán pupa, háídrójìn a sì bò ó lára bí aṣọ nípọn. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé òmìrán yìí wú títí ó fi gbé ẹnìkejì rẹ̀ mì. Bí aràrá pupa náà ṣe ń yípo nínú gáàsì, gáàsì ń fà á sẹ́yìn, ó sì ń sún mọ́ àárín. Agbára tó pàdánù ni ó ti aṣọ náà dànù. Ẹni tí a gbé mì ni ó bọ́ ẹni tó gbé e mì láṣọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìyípo kan kò gbà ju wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 48 lọ.

Àkókò tí wọ́n ń dí ara wọn kì í ṣe déédéé. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan sọ pé ohun méjì mìíràn tí ń yípo wọn ló fà á. Ní 2012, ìṣirò àwọn ẹlòmíràn fi hàn pé ìyípo tí wọ́n ṣàpèjúwe náà kò lè dúró pẹ́. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, àkọsílẹ̀ àkókò púpọ̀ sí i ni a sì nílò.

Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara wà níbi tó dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìràwọ̀ náà ń kọjá ní nǹkan bí dígírì 17 péré sí gúúsù àtàrí. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn kékeré tó ní kámẹ́rà tó o. Ní alẹ́ oṣù kẹrin, bí ìkùukùu òjò kò bá ṣú, kí a wá a ní nǹkan bí dígírì 10 sí ìwọ̀-oòrùn Spica. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì, yóò sì tún padà.