Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú Tán: Bí A Ṣe Ń Ya Iná Ọdún àti Ilé Àtijọ́

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island, l'Ékòó, a máa kún fún iná Kérésìmesì, èrò a sì máa wọ́ lọ síbẹ̀ tàwọn ti fóònù. Ọ̀pọ̀ ló ń délé tán tí àwòrán wọn kò jọ ohun tójú rí: gílóòbù pupa àti aláwọ̀ ewé ti di funfun báláú, ògiri ẹ̀yìn wọn sì ti wọ òkùnkùn biribiri. Kò sí ohun tó ṣe fóònù. Ojú èèyàn lè wo iná kó sì tún rí ara ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà kò lágbára bẹ́ẹ̀. Bó bá gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ kí ògiri lè hàn, iná á tàn jù. Bó bá gba díẹ̀ kí àwọ̀ iná lè yọ, ògiri á pòórá.

Àkókò ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí ju owó kámẹ́rà lọ. Nígbà tí oòrùn ti wọ̀ tí ojú ọ̀run ṣì jẹ́ búlúù, ìmọ́lẹ̀ òkè àti ti gílóòbù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kámẹ́rà á sì gba méjèèjì. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù a máa rí bí ogójì ìṣẹ́jú lò nínú rẹ̀ lóṣù Kejìlá, torí oòrùn tiwọn ń fẹ̀gbẹ́ wọ̀ ni. L'Ékòó, ṣe ló ń já lulẹ̀ gbọnrangandan: á wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:35, tó bá fi máa di aago 7, ó ti bùṣe. Ẹ tètè débẹ̀.

Ilé àtijọ́ tún ní tiẹ̀. Ẹ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894. João Baptista da Costa, Àgùdà tó ti Brazil dé, ló darí iṣẹ́ kíkọ́ rẹ̀, ọnà ara ògiri rẹ̀ la sì ń tìtorí ẹ̀ yà á. Òjìji tó wà nínú kòtò ọnà wọ̀nyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n yọ síta. Nítorí náà, ẹ pa fíláàṣì: iwájú ló ti ń wá, òjìji ló sì máa ń pa rẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í tiẹ̀ dé ju mítà díẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má dúró sídìí ilé kí ẹ máa gbé fóònù sókè, ilé á fì sẹ́yìn ni. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ gbé e dúró ṣánṣán, kí ẹ gé ilẹ̀ tó bá ṣẹ́kù kúrò tó bá yá.

Ẹ gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. ISO 100, f/8, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó fi ìṣẹ́jú àáyá méjì dúró kó tó yà, torí ìka tó tẹ bọ́tìnì náà ń mì ín. Fóònù ní ọgbọ́n tirẹ̀: á yára ya àwòrán púpọ̀, á pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan.

Àmọ́ o, àkókò búlúù yìí gan-an ni ìrun Mọ̀gàríbì. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn alámòójútó, kí ẹ sì lọ dúró sí òdìkejì títì, kí ẹ má dí ẹnu ọ̀nà. Ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ẹni tó bá ń rìn wọlé á di èéfín nínú àwòrán, ojú ẹnikẹ́ni kò ní hàn.