Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ojú kò tíì rí i

Bí Iléyá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Regbérégbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ń fẹ́ ìwé ètò ọdún Ojúde Ọba, òmíràn ń fẹ́ àkọlé tí wọn yóò gbé dání lọ́jọ́ kẹta ọdún, gbogbo wọn ló sì ń kánjú. Ìgbà náà gan-an ni kọ̀ǹpútà máa ń dárà: atẹ̀wé yóò tẹ lẹ́tà mẹ́fà, ojú ẹ̀rọ yóò dákẹ́ rọ́rọ́, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ya jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà á ní ẹ̀rọ ti gbó.

Ó lè má gbó.

Lẹ́tà tí ọwọ́ tẹ̀ kì í fò tààrà bọ́ sójú ẹ̀rọ. Ètò ìkọ̀wé ní láti fi í sáàárín ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀, kó tún ìlà náà wọ̀n, kó wá àwòrán lẹ́tà náà nínú fọ́ǹtì, kó tó wá tún ibi tó yí padà yà. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ ń tún ara rẹ̀ yà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ tí kò bá tíì parí yóò dúró de ìgbà tó kàn.

Èdè Yorùbá ní ẹrù tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo orúkọ regbérégbé Bọ́bagbìmọ̀. Lójú ènìyàn, bí a bá ka “gb” sí méjì, lẹ́tà 9 ni. Ṣùgbọ́n Unicode, àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ní nọ́ńbà kan fún “ọ”, kò ní ẹyọ kan fún “ọ́” tàbí “ọ̀”. Méjì ni ẹ̀rọ ń so pọ̀, orúkọ náà sì di nọ́ńbà 11. Bí kíbọ́ọ̀dù bá tún ya gbogbo àmì sọ́tọ̀ kúrò lára fáwẹ̀lì, ó di 14. Kódà “ọ” wa yìí, abẹ́ èdè Vietnam ni wọ́n tò ó sí. Lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, àmì ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni ohùn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òmíràn ṣe lórí rẹ̀?

Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà òde òní kò yẹ kó tìtorí ìyẹn wọ́lẹ̀. Ìgbà tí fọ́ǹtì kò bá ní àmì ohùn ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀rọ ń ti inú fọ́ǹtì kan bọ́ sí òmíràn láti wá a. Àmì tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí àpótí òfìfo tó jókòó síbi lẹ́tà, ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Noto Sans àti Charis SIL ní àwọn àmì náà. Afurasí kejì ni àyẹ̀wò sípẹ́lì tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, tó ń fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Ìyà yìí ti pẹ́ nílé ayé. Ní nǹkan bí 1976, nígbà tí Bill Joy ń ṣe ètò ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní vi ní Yunifásítì Berkeley, ìlà tẹlifóònù tó ń lò láti ilé kò gbé ju nǹkan bí lẹ́tà 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ẹ̀rọ oní-ìlà 24, tí ìlà kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà 80, yóò gba ìṣẹ́jú kan ó lé kó tó kún. Ní 1981, James Gosling, tó padà ṣe èdè kọ̀ǹpútà Java, kọ ìwé lórí bí ètò ìkọ̀wé ṣe lè fi ojú àtijọ́ wé tuntun, kó tún kìkì ibi tó yàtọ̀ yà. Apá ibi tó ń ṣe èyí nínú Emacs tirẹ̀, tí òun náà jẹ́ ètò ìkọ̀wé, díjú débi pé ó ya agbárí òkú síbẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án! GNU Emacs náà máa ń le gbagidi bí ìlà kan bá gùn jù. Ẹ̀dà 29 tó jáde ní 2023 ló mú un fúyẹ́.

Fún atẹ̀wé, ìdánwò àkọ́kọ́ kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ: kó ṣí fáìlì òfìfo, kó tẹ gbólóhùn kan síbẹ̀. Bí ó bá yá, fáìlì ti tẹ́lẹ̀ ló ní ẹ̀bi, bóyá fọ́tò ńláńlá tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Bí kò bá yá, kó pa àyẹ̀wò sípẹ́lì, kó pààrọ̀ fọ́ǹtì, kó sì wo ohun mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kó wo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló máa ń dín eré ara rẹ̀ kù láti ṣọ́ bátìrì lò, nítorí náà bí iná bá lọ ní àdúgbò Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde, lẹ́tà lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ títí wọn yóò fi tan jẹnẹrétọ̀.