Bọ́ọ̀lù Dígí Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Yí Po

Sún mọ́ ọn dáadáa. Kókó orí fọ́nrán dígí yìí kò tó ìdajì mìlímítà. Iná ni wọ́n fi yọ́ ẹnu fọ́nrán náà títí ó fi ṣù roboto.

Bí ìmọ́lẹ̀ lésà bá wọ inú rẹ̀, á máa sáré yí etí rẹ̀ po, bí ohùn ṣe ń rìn mọ́ ara ògiri òbìrípo ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ bá bá òbìrí náà mu géérégé nìkan ló ń pẹ́ níbẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù náà bá wà nínú omi, omi tó yí i ká náà ń kan ìgbì tó bá a mu. Ìwọ̀n bí omi ṣe ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù jẹ́ 1.33, ṣùgbọ́n bí nǹkan mìíràn bá dà pọ̀ mọ́ ọn, ìwọ̀n yẹn á yí, ìgbì tó bá bọ́ọ̀lù náà mu á sì yẹ̀ díẹ̀. Ìyẹ̀ díẹ̀ yìí gan-an ni iyì bọ́ọ̀lù náà, nítorí òun ló ń fi ohun tó wà nínú omi hàn.

Ní 2002, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Frank Vollmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú èyí rí purotéènì tó lẹ̀ mọ́ dígí nínú omi, láìkun purotéènì náà ní àwọ̀ kankan.